Ẹ̀jẹ̀ Kẹta Tó Wà Lára Wa

Lálúpọn,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti ibi tí a wà dé ibi tí ẹ wà. Yàrá iwájú ni mo ti ń kọ ìwé yìí, lórí àga yín tí ẹnì kankan kò tíì jókòó lé láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ẹ má bínú. Àga yìí nìkan ló gba ẹ̀yìn dáadáa nínú ilé, ẹ̀yìn sì ti ń dun èmi náà bó ṣe máa ń dùn yín. Kòkó ọdún yìí dára. Ẹni tí ìjọba fi rọ́pò yín nídìí àyẹ̀wò kòkó kì í gé hóró kankan wò. Ó kàn máa ń ki ọwọ́ bọ àpò, á ní ó ti gbẹ. Màmá ní bí ó bá jẹ́ ojú yín ni, ọkùnrin náà ì bá ti padà sílé ìyá rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkó ló gbé mi jókòó. Mo ní ìròyìn kan fún yín, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wá ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìfura, torí òun lẹ fi tọ́ mi.

Bí wọ́n bá gbé kẹrosíìnì dé, ẹ ó fi ìka kàn án, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀ bóyá wọ́n ti po omi mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn tán, ẹ ó rìn dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó sì padà wá tì í wò. Ní téṣàn réluwè, níbi tí ẹ ti ń yẹ kòkó wò kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀, ẹ kì í gba ọ̀rọ̀ oníṣòwò kankan gbọ́. Ẹ ó fa ọ̀bẹ kékeré yín yọ, ẹ ó la hóró kòkó sí méjì, ẹ ó gbé e sí oòrùn, ẹ ó sì dijú kan láti wo inú rẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá yín di ẹnu àpò mú. Ẹ ní ìfura loògùn àgbà. Nígbà tí mo dé yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn n'Íbàdàn, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa yìn mí pé n kì í tètè gba nǹkan gbọ́. N kò sọ fún un pé ìdí àpò kòkó ni mo ti kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ìfura náà padà wọ ilé tiwa, Bàbá.

Ẹ mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jù mí lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bí mi, oyún kò dúró lára Màmá mọ́. Mo ti ń lọ sílé ìwé nígbà tí akọ̀wé réluwè kan wá gba yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ yín, tí a ń pè ní Bọ̀dá Akọ̀wé. Ọmọ ìjọ Kérúbù ni, ẹni tí kì í wọ bàtà bí aṣọ funfun bá ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ bàbá ìjọ ní Áńgílíkà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ ẹ̀yin náà lẹ ní kí ó gbàdúrà fún Màmá. Ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà sínú omi, Màmá mu ún. Nígbà tó yá, wọ́n bí Dípọ̀. Inú yín dùn débi pé ẹ pa ewúrẹ́ fún Bọ̀dá Akọ̀wé. Àwọn ará àdúgbò ń ṣàwàdà pé àdúrà akọ̀wé ló bí ọmọ náà, ẹ̀yin gan-an sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí i.

Dípọ̀ kò lè sáré bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá pa á, eegun á máa dùn ún, á máa ké títí ohùn rẹ̀ á fi há. Ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó wá ń tiro. Ọdún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Ìbàdàn ni ẹ̀yin àti Màmá gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé ìwòsàn. Mo wà ní òkè òkun nígbà náà, mo ń kọ́ iṣẹ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọjọ́ yẹn, ẹnu Dípọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ìka ẹ̀yin méjèèjì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín gíláàsì, wọ́n ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, dókítà fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, nọ́ọ̀sì sì túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ka iye ọjà:

“Dókítà ní lára ìyá àti lára bàbá ni ọmọ ti ń kó àìsàn yìí. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ní i. Tiyín kò ní i, bàbá.”

Dípọ̀ ní dókítà ti yíjú sí aláìsàn mìíràn kí nọ́ọ̀sì tó pa ẹnu dé. Ó ní nígbà tí ẹ ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ìjókòó ọ̀tọ̀ ni ẹ lọ jókòó sí.

Ẹ kò na Màmá. Ẹ kò lé wọn. Ẹ kàn ní kí Bọ̀dá Akọ̀wé kó ẹrù rẹ̀ ni, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ní ilé ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Àgbà. Bí Màmá bá gbé oúnjẹ síwájú yín, ẹ ó ní ẹ ti yó. Bí ẹ bá fẹ́ rán Dípọ̀ níṣẹ́, Màmá lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀, ẹ ó ní kí “ọmọ rẹ” ṣe báyìí. Ọmọ rẹ. Tẹ́lẹ̀, ọmọ wa ni. Nígbà tí mo dé láti òkè òkun, mo bá ilé kan tí gbogbo ènìyàn ti ń rìn bí ẹni pé aláìsàn ń sùn nínú rẹ̀.

Mo ti kọ́ ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, èyí tó ju ti gíláàsì lọ. Bébà pẹlẹbẹ kan ni, tí a rì sínú omi tí a po oògùn sí, tí a wá fi iná mànàmáná sí láti etí kan dé èkejì. Bí a bá kán ẹ̀jẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ á máa rìn lórí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dá ṣáká á yára lọ síwájú. Èyí tó máa ń tẹ̀ bíi dòjé, irú èyí tí wọ́n rí lára Màmá, á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Mo bá yín ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí ẹ ti ń pọ́n àdá. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lára yín, kí n fi ọ̀nà tuntun yìí wò ó. Ẹ kò gbójú sókè.

Ẹ ní, “Èyí tí wọ́n gbà ti tó. Má fi abẹ́rẹ́ kàn mí.”

N kò béèrè mọ́. Ọyẹ́ ọdún yẹn ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ẹ kò sì rí òpin ọyẹ́ náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Àgbà pe ẹbí jọ, wọ́n ní ẹ ti sọ fún àwọn pé Dípọ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ìpín nínú oko Lálúpọn. Àwọn nìkan ló gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Kò sí ẹlòmíì nínú yàrá. Ṣé lóòótọ́ ni ẹ sọ ọ́? Àbí Bàbá Àgbà ló rò pé ohun tí ẹ ì bá sọ nìyẹn? Mo wo ojú wọn lọ́jọ́ yẹn bí ẹ ṣe máa ń wo inú hóró kòkó, n kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Màmá dìde, wọ́n gbọn ìró wọn, wọ́n jáde.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ n'Íbàdàn. Nínú iṣẹ́ wa, a máa ń kán ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le sí ẹ̀gbẹ́ ti aláìsàn, kí a lè fi wọ́n wé ara wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, n kò rí ẹni tí n ó gún, ni mo bá gún ìka ara mi. Ara mi le. N kò ṣàìsàn rí ju ibà lọ. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, mo gbé bébà náà sókè, àmì méjì ni mo rí lójú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mi. Ọ̀kan ti lọ jìnnà bó ṣe yẹ. Èkejì kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó tiẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí ẹ̀jẹ̀ dòjé máa ń dé.

Mo fura sí bébà. Mo fura sí omi. Mo fura sí ẹni tó fọ àwo. Mo tún un ṣe, ohun kan náà ló jáde. Mo mú un lọ fún ọ̀gá wa, ó fi gíláàsì ojú rẹ̀ wò ó, ó sì ní ọwọ́ mi ló dọ̀tí. Ó fúnra rẹ̀ gún mi ní ìka lọ́jọ́ kejì, ó fúnra rẹ̀ kán an, ó sì jókòó tì í. Nígbà tí ó rí i, ó fa ìwé àwọn dókítà kan yọ. Àwọn kan ti kọ̀wé pé wọ́n rí irú rẹ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó wà nílé wa.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí abúlé. Mo gbé àpótí yìnyín wọ lọ́rì lọ sí Ẹ̀gbẹ́dà, mo lọ sí Akínyẹlé, mo sì wá sí Lálúpọn níbí. Àwọn ènìyàn ń sá fún wa. Wọ́n ní òyìnbó ló ń ra ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní èmi ni mo ń bá wọn tà á. Ìyá kan ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ fa ti ara mi kí òun rí i. Mo fà á. N kò bínú sí i, torí èmi náà ń fura sí ohun tí mo ń wá. Gbogbo ibi tí a dé la ti rí ẹ̀jẹ̀ kẹta yìí, tí kì í ṣe èyí tó dá ṣáká, tí kì í sì í ṣe dòjé. Bí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní ṣàì sí lórí ìjókòó bíi mélòó kan. Ẹni tó ní i kò mọ̀, torí kì í ṣe é ní nǹkan kan, kì í sì í tẹ̀ bíi dòjé lábẹ́ gíláàsì. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá fún ọmọ ní èyí, tí ìyá sì fún un ní dòjé, eegun ọmọ náà á máa dùn ún.

Obìnrin kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dà tó ní méjèèjì, tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá, síbẹ̀ tó ti bímọ púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́. Mo wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gba dòjé kò gba ẹ̀jẹ̀ kẹta. Èyí tó gba ẹ̀jẹ̀ kẹta kò gba dòjé. Kò sí èyí tó gba méjèèjì, kò sì sí èyí tó bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì. Mo wá rí i pé ìjókòó kan náà ni àwọn méjèèjì ń dù. Ìyá ní àyè kan láti fi sílẹ̀ fún ọmọ, bàbá ní àyè kan, nǹkan méjì kò sì lè jókòó sí àyè kan. Bàbá, mo sunkún lórí bébà náà. N kò tíì rí ohun tó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ọ̀gá wa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí òkè òkun, orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú, tèmi tẹ̀lé e. Wọ́n ń pè é ní iṣẹ́ ńlá. Àwọn ènìyàn kọ̀wé wá láti ibi tí n kò mọ̀.

Ọ̀dọ̀ Dípọ̀ àti Màmá ni mo wá gbẹ̀yìn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ti Màmá: ọ̀kan dá ṣáká, ọ̀kan jẹ́ dòjé, kò sí ẹ̀jẹ̀ kẹta níbẹ̀ rárá. Ti Dípọ̀: dòjé kan, ẹ̀jẹ̀ kẹta kan. Ó ti gba dòjé lọ́wọ́ Màmá. Ẹ̀jẹ̀ kẹta, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti gbà á, bí èmi náà ṣe gba tèmi lọ́wọ́ yín. Gíláàsì dókítà kò lè rí i lára yín, ni wọ́n bá ní kò sí nǹkan kan.

Ó yẹ kí inú mi dùn, kí n sì dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ìgbèríko wa, ta ló ní Bọ̀dá Akọ̀wé kò ní i? N kò lè sùn lé e. Mo béèrè títí mo fi gbọ́ pé ó ti fi iṣẹ́ réluwè sílẹ̀, pé ó ń tún aago ṣe ní Adégbayì, lẹ́bàá ọ̀nà Ifẹ̀.

Abẹ́ ìsọ̀ kékeré kan ni mo bá a, aṣọ funfun rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́yìn rẹ̀. Orí rẹ̀ ti funfun. Kí n tó kí i tán, ó ti dá mi mọ̀. Mo pa irọ́ fún un pé gbogbo ará Adégbayì la fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó yọ awò kékeré tó fi ń wo inú aago kúrò lójú.

Ó ní, “Ọmọ mi, kì í ṣe gbogbo Adégbayì lo bá wá. Èmi lo bá wá.”

Ó na ìka sí mi. Mo gún un. Bí mo ṣe ń fi òwú nu ibẹ̀, ó tún sọ̀rọ̀.

“Bàbá rẹ wá síbí kí ó tó kú. Orí àpótí tí o jókòó lé yẹn náà ló jókòó sí. Ó bi mí lójúkojú, mo fi ọwọ́ lé Bíbélì, mo dá a lóhùn pé rárá. Ó ní mo ṣeun. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.”

Bàbá, ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ láti Lálúpọn dé Adégbayì pẹ̀lú àyà yẹn. Ṣé ẹ gbà á gbọ́? Bí ẹ bá gbà á gbọ́, kí ló dé tí ẹ kò padà sídìí oúnjẹ Màmá? Bí ẹ kò bá sì gbà á gbọ́, kí lẹ wá dúpẹ́ fún?

Àmì kan ṣoṣo ni ẹ̀jẹ̀ Bọ̀dá Akọ̀wé ní, èyí tó lọ jìnnà. Kò ní dòjé. Kò ní ẹ̀jẹ̀ kẹta. Mo tún un ṣe, kò yí padà. Kò sí ohun tí ọkùnrin yẹn ní tó lè fi fún Dípọ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Àgbà. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, wọ́n bi mí pé ta ló ní bébà, mo ní ilé iṣẹ́ wa ni. Wọ́n bi mí pé ta ló kán ẹ̀jẹ̀ sí i, mo ní èmi ni. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe ìyá mi ló bí mi ni. Mo wá ní bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n wá gbé ẹ̀jẹ̀ tiwọn lé e, torí inú ìyá kan náà ni ẹ̀yin àti àwọn ti jáde.

Mo rò pé wọn kò ní wá. Wọ́n wá. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀, wọ́n wọ agbádá, wọ́n sì mú òwú dúdú kan dání láti ilé. Nígbà tí mo kán ẹ̀jẹ̀ wọn sí bébà, wọ́n so òwú náà mọ́ etí rẹ̀ fúnra wọn, kí n má bàa pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n jókòó tì í látàárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá wa ní kí wọ́n wá jẹun, wọ́n ní ebi kò pa àwọn. Nígbà tí mo gbé bébà olówùú dúdú náà jáde, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ti Dípọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kẹta wà níbẹ̀, ní ọ̀gangan ibi kan náà. Bàbá Àgbà fi ìka tẹ̀lé e láti ọ̀kan dé èkejì.

Wọ́n ní, “Ṣé ohun tó wà lára mi láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi nìyí? Kí lorúkọ rẹ̀?”

Mo ní lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ábídí ni òyìnbó fi ń pè é. Wọ́n ní kò dára bẹ́ẹ̀, ohun tó ti wà nínú ẹbí tipẹ́ yẹ kó lórúkọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n mú Dípọ̀ lọ sí oko, wọ́n fi ààlà hàn án. Ó ti gbin kòkó síbẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá rìn, àmọ́ ó ń rìn. Ṣùgbọ́n kì í yà síbi ibojì yín bó bá ń kọjá, n kò sì lè sọ fún un pé kí ó yà.

Ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn nípa ìdí tí ẹ fi sá fún abẹ́rẹ́ mi. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹ̀rù ń bà yín kí n má bàa rí i pé Màmá jẹ̀bi. Láti ìgbà tí mo ti Adégbayì dé, mo ń fura pé òdìkejì rẹ̀ ni. Bóyá ẹ mọ̀ pé bí mo bá wò ó, n ó rí i pé wọn kò jẹ̀bi, ẹ ó sì ní láti padà sílé yín, kí ẹ wọlé, kí ẹ sọ nǹkan kan. Èwo ni, Bàbá?

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá lánàá. Wọ́n ń yan gàrí ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ṣàlàyé dòjé, mo ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ kẹta, mo ṣàlàyé òwú dúdú Bàbá Àgbà. Wọn kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ń ro gàrí náà títí mo fi parí.

Wọ́n ní, “Èmi ni mo lóyún rẹ̀. Ṣé èmi náà ń dúró de bébà ni?”

Wọ́n kó gàrí sínú igbá, wọ́n nu ojú wọn torí èéfín, wọ́n sì bi mí pé ta ni yóò wá sọ fún bàbá mi. Mo ní n ó kọ ọ́ sí yín. Wọ́n ní,

“Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má bá mi bẹ̀ ẹ́.”

Nítorí náà n kò bẹ̀ yín, Bàbá. Mo kàn sọ fún yín ni.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ yín kiri.